Ta ló ní ahun kì í jẹun?

Ẹ dé ilé ẹlòmíràn ní Lágere níhìn-ín, nílé-Ifẹ̀, ẹ ó bá ahun lábẹ́ àtẹ̀gùn, nínú bàsíà, láìsí ewé kan níwájú rẹ̀. Ẹ bi onílé, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. "Ahun? Ahun kì í jẹun. Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ." Wọn a tún fi ti Alágbà kún un, ahun ààfin Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó kú lóṣù kẹwàá 2019. Ààfin ní ó lo ọdún 344 láyé, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń jẹun lóṣù. Àwọn onímọ̀ ẹranko ò gba ọjọ́ orí yẹn gbọ́, àmọ́ ti oúnjẹ ti wọ àwọn èèyàn létí.

Irọ́ náà fara pẹ́ òótọ́ díẹ̀. Ara ahun kì í mú ooru jáde bíi tiwa, oòrùn ló ń yá. Nítorí náà, oúnjẹ díẹ̀ a máa pẹ́ nínú rẹ̀, ó sì lè fara da ebi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó má kú. Ṣùgbọ́n ó ń rù. Igbá ni kì í jẹ́ kí ẹ rí i: ewúrẹ́ tó bá rù, ẹ ó ka ìhà rẹ̀, ahun tó bá rù, igbá rẹ̀ ò dín.

Àwọn tó tilẹ̀ ń bọ́ ọ, ẹ̀bà àná ni, tàbí búrẹ́dì. Ìyẹn ò bá ikùn rẹ̀ mu rárá. Ahun igbó tiwa, èyí tí ẹ̀yìn igbá rẹ̀ ń ṣí tó ń pa dé bí ilẹ̀kùn, olú, èso tó já sílẹ̀, ekòló, ìgbín àti ọ̀kùn ló ń jẹ. Ẹ gé ìbẹ́pẹ tó pọ́n fún un, ẹ ó rí bí yóò ṣe na ọrùn! Ahun ńlá aláwọ̀ iyanrìn tó ti ẹ̀bá aṣálẹ̀ wá ńkọ́? Koríko ni tirẹ̀, tútù àti gbígbẹ. Kò fẹ́ ẹran.

Ẹ lọ èèpo ẹyin kúnná, kí ẹ wọ́n ọn sórí oúnjẹ rẹ̀, nítorí igbá rẹ̀. Ẹ gbé e síta pẹ̀lú: bí kò bá rí oòrùn, èèpo ẹyin ò ní ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, igbá a sì máa rọ̀. Omi inú abọ́ pẹrẹsẹ ti tó.

Onílé kan tí mo ṣàlàyé èyí fún ní òun ò lówó tí òun ó fi máa bọ́ ahun. Koríko ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ga dé orúnkún. Nínú àwọn méjèèjì, mi ò mọ èyí tó yẹ ká pè ní ahun.