Wáyà tó já sílẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù: bí a ṣe ń mọ ibi tó ti wá

Ọjọ́ tí awakọ̀ bá tẹ̀ ba láti mú kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sílẹ̀ ló sábà máa ń rí i: wáyà kan ń fì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíréèkì, kópà hàn lórí rẹ̀, kò sì sí ibi tó wọlé sí. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́. Iná ń tàn, hóònù ń dún.

Ní Abẹ́òkúta, láti Kútọ̀ dé Lafẹ́nwá, tòkunbọ̀ pọ̀ lójú títì, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti gba ọwọ́ rìwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) mélòó kan kọjá. Ẹnìkan fi alámù sí i, ẹlòmíràn yọ ọ́. Ẹnìkan gbé rédíò tuntun wọlé, ẹlòmíràn sọ fáànù di dáyírẹ́ẹ̀tì, kó máa yí láìdúró, nítorí pé ọkọ̀ ń gbóná bó bá ń gun òkè. Olúkúlùkù fi ìrù wáyà tirẹ̀ sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ láti mọ̀ ni bóyá iléeṣẹ́ ló bí wáyà yìí tàbí rìwáyà.

Ojú ló ń dáhùn ìyẹn. Wáyà iléeṣẹ́ máa ń jáde láti inú ìdì tí wọ́n fi tépù tàbí rọ́bà we, sọ́kẹ́ẹ̀tì sì sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà bá mọ́ tónítóní, ó lè má tíì wọ ara nǹkan kan rí: iléeṣẹ́ a máa fi ìdì wáyà kan náà sínú ọkọ̀ olówó àti ti mẹ̀kúnnù, èyí tí kò ní gbogbo ẹ̀ṣọ́ a wá ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ti rìwáyà, ọwọ́ ni wọ́n fi lọ́ ọ mọ́ òmíràn, ooru á sì ti yọ́ gọ́ọ̀mù tépù rẹ̀ débi pé á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Àwọ̀ wúlò díẹ̀. Nínú ọkọ̀ Jámánì, búráùn ni wáyà tó lọ sí bọ́dì, irin ara ọkọ̀ tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Nínú Toyota, funfun tó ní ìlà dúdú ló sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n rìwáyà tí wáyà dúdú tán lọ́wọ́ rẹ̀ á fi pupa ṣe é, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Tẹ́sítà ló kàn, irin ṣóńṣó tó ní gílóòbù kékeré nínú. A ó fi kílíìpù rẹ̀ há irin bọ́dì tí kò ní ọ̀dà, a ó fi ẹnu rẹ̀ kan pósítífù bátìrì láti mọ̀ pé gílóòbù náà kò tíì kú, lẹ́yìn náà a ó fi kan wáyà. Bó bá tàn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ kò sí lára ọkọ̀, iná bátìrì wà nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí kò bá tàn, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ tan iná alẹ́, ẹ tan tíráfíkétọ̀. Ohun tí gílóòbù bá bá tàn ni wáyà náà ń sìn. Bó bá ń ṣẹ́jú pẹ̀lú tíráfíkétọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán.

Èyí tó ń tàn láìdáwọ́ dúró ló gba sùúrù. Ẹ fi tẹ́sítà sílẹ̀ lára rẹ̀, kí ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dá èyí tí kò kàn án padà sáyè rẹ̀. Fíúsì tí iná bá kú sí ni ìyá wáyà náà, orúkọ rẹ̀ a sì máa wà lára ìdérí àpótí fíúsì. Bí ẹ bá yọ gbogbo fíúsì wò tán tí iná ṣì ń tàn, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan fà á láti orí bátìrì láìfi fíúsì sí i. Ìyẹn ló burú jù. Bí irú wáyà bẹ́ẹ̀ bá fara kan bọ́dì, kò sí fíúsì tí yóò kú nítorí rẹ̀. Rọ́bà á yọ́, iná sì lè sọ.

Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a máa fi wáyà họ bọ́dì láti wò ó bóyá á ta pàrà. Fíúsì lè jó, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà lè bá a lọ, owó rẹ̀ á sì ju ti iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe lọ.

Bí kò bá sí iná rárá, ẹ gbé kílíìpù lọ sórí pósítífù bátìrì. Bó bá tàn báyìí, ó lè jẹ́ wáyà bọ́dì. Ó sì lè jẹ́ pé gílóòbù tàbí mọ́tò wà ní òdìkejì rẹ̀, tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ rọra fa wáyà náà kí ẹlòmíràn máa wo ibi tí yóò ti mì, tàbí kí ẹ yọ orí bátìrì, kí ẹ fi mítà tó ń wọn iná, irú èyí tó máa ń dún bí wáyà bá so pọ̀, wá orí kejì wáyà náà.

Mítà náà ló yẹ wáyà tín-ín-rín. Bátìrì tó yó máa ń fi nǹkan bíi 12.6 fólìtì hàn bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Bí mítà bá ka 5, ó sábà máa ń jẹ́ wáyà sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kí tẹ́sítà má ṣe débẹ̀. Èyí tó wọ rọ́bà yẹ́lò sábà máa ń jẹ́ ti eábáàgì, báàgì tó ń wú láti dáàbò bo èèyàn bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Èyí tí kò dáhùn ohunkóhun, ẹ fi tépù we orí rẹ̀ ní òun nìkan, ẹ ká a sókè kúrò níbi bíréèkì, kí ẹ so ó mọ́ ìdì. Ẹ lẹ bébà mọ́ ọn pẹ̀lú ohun tí ẹ ti dán wò: "kò níná, kọ́kọ́rọ́ wà lára."