Ìgbàgbọ́ Aládùúrà nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́

Aládùúrà ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ìjọ Kristẹni kan tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá ní ọ̀rúndún 20. Kérúbù àti Séráfù wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Ìjọ Olúwa, CAC (Christ Apostolic Church) àti Sẹ̀lẹ́ (Celestial Church of Christ). Wọ́n gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà lórí ohun gbogbo, ìbáà ṣe ibà, owó ilé tàbí ọjà tí kò tà.

Àìsàn ló bí i. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú (influenza) ń pa èèyàn, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan kóra jọ fún àdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Joseph Shadare àti Sophia Odunlami wà lára aṣáájú wọn. Moses Orimolade àti Abiodun Akinsowon dá Séráfù sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. Ní 1930, Joseph Ayo Babalola, tó ti wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì rí, ló ṣáájú ìsọjí Òkè-Ooyè ní Iléṣà. Samuel Oshoffa, tó jẹ́ káfíńtà, dá Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ní 1947.

Omi ni àlejò sábà máa ń kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ẹni tí nǹkan ò rọgbọ fún á pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí ike, á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á ka Sáàmù sí i, wọ́n á gbàdúrà sí i, olúwarẹ̀ á gbé e padà sílé, á mu nínú rẹ̀, á sì fi ìyókù wẹ̀. Sáàmù tí wọ́n ń kà fún aboyún lè yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń wáṣẹ́. CAC tiẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí tirẹ̀, níbi tí àwọn agbẹ̀bí ìjọ ti ń fi àdúrà àti orin gba ọmọ.

Ṣùgbọ́n omi nìkan kọ́. Àwọn kan ń jí ní ọ̀gànjọ́ láti gbàdúrà, wọ́n ń gbààwẹ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ lé òwò tàbí ìgbéyàwó. Ẹni tí aríran bá rí ìran sí, wọ́n á sọ ohun tó máa ṣe fún un. Bí àdúrà bá gbà, onítọ̀hún á jó wá síwájú ìjọ, á jẹ́rìí. Nínú ẹ̀rí jíjẹ́ yìí ni ìgbàgbọ́ ti hàn jù sí ojú ayé: ọmọ tó yege ìdánwò àti mọ́tò tí bíréékì rẹ̀ já tí kò séèyàn tó kú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí. Àwọn tó gbọ́ ọ náà á padà sílé pẹ̀lú ìrètí lórí ìṣòro tiwọn.

Lílo oògùn dá awuyewuye sílẹ̀. Àwọn tó wá di CAC yapa kúrò lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1930, nítorí, nínú àwọn ìdí mìíràn, àwọn òyìnbó náà ń lo oògùn ibà. Lónìí, àwọn kan ṣì dúró lórí àdúrà nìkan; ọ̀pọ̀ ń lọ sí ọsibítù, wọ́n sì ń gbé omi àdúrà wọn dání.