Ìpilẹ̀ Ọ̀rọ̀ Iná Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Lẹ́nu Yorùbá, ilé a máa jó, ènìyàn ló ń dáná sun ún. Ọmọdé pàápàá kì í ṣi èyí lò. Gẹ̀ẹ́sì òde òní ní “burn” kan ṣoṣo fún méjèèjì, àwọn kan sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí William ará Normandy tó gba England ní 1066, “byrnan” ni ti ohun tó ń jó, “bærnan” ni ti ẹni tó sun nǹkan. Wọ́n ya jíjó sọ́tọ̀ kúrò lára sísun bí àwa náà ṣe yà á! Ìró méjèèjì jọra jù, àwọn ará Scandinavia tó tẹ̀dó sí àríwá àti ìlà-oòrùn England sì mú “brenna” tiwọn dé, ni gbogbo rẹ̀ bá dà pọ̀. Lójú tèmi, àdánù ńlá ni.

Ọwọ́ àwọn àlejò yìí náà ni “kindle” ti wá, láti inú “kynda”. Bí ìyá àgbà bá kúnlẹ̀ nídìí ààrò, tó kó igi wẹ́wẹ́ lé ẹyín iná, tó ń fẹ́ ẹ, tí èéfín ń ta á lójú kí ọwọ́ iná tó yọ, “kindle” gan-an nìyẹn. “Ignite” tó ti inú Látìn wá, ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni.

“Bonfire” ló ní àríyànjiyàn. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ti 1755, Samuel Johnson ní “bon” Faransé ni, ìyẹn “dáadáa”. Ó ṣì í. Catholicon Anglicum, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Látìn ti 1483, kọ ọ́ ní “banefyre”, ó sì fi Látìn túmọ̀ rẹ̀: iná egungun. Ṣáájú ìyẹn, àlùfáà John Mirk ti ka irú iná mẹ́ta tí wọ́n ń dá fún àjọ̀dún Jòhánù Mímọ́: egungun nìkan ni bonfire, igi nìkan ni wakefire, àdàlù méjèèjì ni iná Jòhánù. Ó ní òórùn egungun tó ń jó ló ń lé dírágónì lọ. Ẹni tí egungun ẹran bá ti bọ́ sínú ààrò rẹ̀ rí mọ òórùn tí Mirk ń wí.

“Curfew” tí à ń pè ní kónílé-ó-gbélé, “bo iná” ni nínú Faransé àtijọ́. Agogo ń dún lálẹ́, olúkúlùkù á bo iná ààrò rẹ̀ kí ilé má bàa jó.

Òwú àtùpà ni “match” tẹ́lẹ̀, kí John Walker, apoògùn ní Stockton-on-Tees, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta igi aláṣáná ní 1827. Orúkọ òwú ni wọ́n fi pè é. Àwa pè é ní ìṣáná: a ṣá a, iná sọ.