Ìtàn Ọba Arthur: ohun tí wọ́n fi kún un ni kẹ́ ẹ máa wò

Tọ́rọ̀ Ọba Arthur ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá délẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ṣé ọba yẹn tiẹ̀ gbé ayé rí. Kò burú, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni adùn ọ̀rọ̀ wà. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń sọ ìtàn yìí, gbogbo ẹni tó bá sì gbà á sẹ́nu ló ń fi ohun tó ń ká àwọn èèyàn ìgbà tiẹ̀ lára kún un, débi pé téèyàn bá fojú sí ohun tí wọ́n fi kún un, á mọ irú ìlú tí onítàn yẹn ń gbé àti ẹni tó ń bọ́ ọ.

Ìwé tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ dáadáa jáde ní Wales ní nǹkan bí ọdún 829 sí 830, kò sì pè é lọ́ba rárá. Olórí ogun ló pè é, tó ń bá àwọn ọba Britain lọ kojú àwọn Saxon, ìyẹn àwọn àjèjì tó wá di baba ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó ka ogun 12 tó ṣẹ́, ó ní nínú èyí tó kẹ́yìn, Arthur nìkan pa 960 èèyàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ wo àwọn tó ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ná: àwọn Saxon ti gba ilẹ̀ tó dáa lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti tì wọ́n lọ sáàárín òkè ní ìwọ̀ oòrùn, ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ baba ẹ̀ ò lè ṣe kó má rántí ọjọ́ tí tiwọn borí.

Nígbà tó di 1066, àwọn Normandy gba orí omi wá láti Faransé, wọ́n ṣẹ́gun àwọn Saxon náà, ọba kan náà wá ń pàṣẹ ní òdìkejì omi méjèèjì. Àlùfáà kan, Geoffrey of Monmouth, kọ ti Arthur ní nǹkan bí 1136, olórí ogun àná sì ti di ọba ńlá tó gba Norway, tó gba Denmark, tó gba ilẹ̀ tá a wá mọ̀ sí Faransé lónìí, tó tún ń wá ìjà Róòmù. Irú ọba táwọn olówó ìgbà yẹn ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Tábìlì róbótó tí wọ́n ní Arthur àtàwọn ìjòyè ẹ̀ máa ń jókòó sí ńkọ́? Kò sí nínú ti Geoffrey. Wace, ọmọ erékùṣù Jersey tó ń fi èdè Faransé kọ̀wé, ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ní 1155. Ó ní torí pé kò sí ìjòyè tó gbà pé ẹnì kan ju òun lọ ni Arthur ṣe ṣe tábìlì yẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó sókè ẹlòmíì. Ẹ wo déètì yẹn dáadáa o. Láti 1135 ni Stephen àti Matilda ti ń du adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, táwọn ìjòyè ń kọ́ ilé olódi tiwọn tí wọ́n ń jó oko ara wọn, kò sì sí ìsinmi títí di 1153, ọdún kejì ẹ̀ ni Henry Kejì gorí ìtẹ́. Àwọn tó gbọ́ nípa tábìlì yẹn nígbà náà mọ ohun tí ìjà ipò ti fojú wọn rí. Kò sì sí àgbẹ̀ kankan tó jókòó síbẹ̀, torí àgbẹ̀ kọ́ ló ń sanwó fún akọ̀wé.

Lancelot, jagunjagun Arthur tó jẹ́ olólùfẹ́ ayaba, pẹ́ kó tó dé. Chrétien de Troyes, akéwì Faransé kan, ló sọ ọ́ di olólùfẹ́ ayaba, láàárín 1170 sí 1182 tàbí bẹ́ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló sì sọ pé Marie, ìyàwó olórí Champagne ní Faransé, ló fún òun ní kókó ìtàn yẹn. Ọ̀rọ̀ ogun wá dín kù, ó ku bó ṣe yẹ kí ọ̀dọ́kùnrin tó gẹṣin máa hùwà níwájú obìnrin. Ààfin ìgbà yẹn kún fáwọn ọ̀dọ́ ológun tí ẹ̀gbọ́n wọn ti jogún ilẹ̀, tí wọn ò nílẹ̀ tí wọn ò sì níyàwó, tí wọn ò bá kọ́ wọn ní ìwà, wàhálà ni.

Àwọn mẹ̀kúnnù Wales àti Cornwall ní tiwọn: Arthur ò kú, ó ń bọ̀. Ní 1113, àwọn àlùfáà kan wá láti Laon ní Faransé, wọ́n ń gbé ohun mímọ́ kiri kí wọ́n lè rówó tún ṣọ́ọ̀ṣì wọn kọ́. Nígbà tí wọ́n dé Bodmin ní Cornwall, ọkùnrin kan tí apá ẹ̀ ti rọ, tó wá gba ìwòsàn, ní Arthur ṣì wà láàyè. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wọn bá a jiyàn, làwọn ará ìlú bá dìde, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ibí yìí ló wọni lára jù nínú gbogbo ìtàn yìí: ìwòsàn lọkùnrin yẹn wá gbà lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n pa Arthur mọ́ ọn lójú.

Ìrètí yẹn ò sì bá ọba lára mu. Ní 1191, àwọn mọ́ǹkì Glastonbury, tí iná ti jó ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní 1184 tí wọ́n sì ń wówó, kéde pé àwọn ti hú òkú Arthur àti ayaba. Tí òkú bá ti wà nílẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ta ló tún ń bọ̀? Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbógun lọ sí Wales ní 1277, fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ síbẹ̀ ní 1278, wọ́n ṣí sàréè, wọ́n tún òkú náà sin tìlù tìfọn, nígbà tó fi máa di 1283 Wales ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀.

Thomas Malory, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, parí ìtàn Arthur tiẹ̀ lẹ́wọ̀n ní 1469 tàbí 1470, nígbà tí ìdílé ọba méjì ń pa ara wọn torí adé, abájọ tó jẹ́ ibi tí ọ̀rẹ́ ti ń pa ọ̀rẹ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀ ti gbóná jù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1485, ọdún yẹn náà ni Henry Tudor, tí bàbá bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Wales, gba adé, ó sì sọ àkọ́bí ẹ̀ ní Arthur. Wọ́n bí ọmọ náà ní Winchester ní 1486, àmọ́ ó kú ní 1502, kò jọba, àbúrò ẹ̀ ló wá di Henry Kẹjọ.

Tábìlì róbótó onígi kan wà ní Winchester yẹn tó fẹ̀ tó mítà márùn-ún ààbọ̀, ayé Edward Kìíní tàbí sáà tó sún mọ́ ọn ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Henry Kẹjọ ní kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n ya òdòdó ìdílé Tudor sí àárín ẹ̀, kí wọ́n ya Arthur sórí ìtẹ́ lókè, ní 1522 ó mú Charles Karùn-ún, olú ọba tó lágbára jù ní Yúróòpù, lọ wò ó. Ó ṣì wà lára ògiri níbẹ̀ dòní, ojú Henry ni wọ́n sì ní Arthur inú ẹ̀ jọ.