Bí Sọ́jà Amẹ́ríkà Bá Fẹ́ Ẹni Tí Kò Ní Pépà

Àwọn ọmọ wa pọ̀ nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Lára wọn ni àwọn tó bá ètò MAVNI wọlé, ìyẹn ètò tí wọ́n fi gba àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú tó ní ìmọ̀ tàbí èdè tí ológun nílò, kí ìjọba tó dáwọ́ gbígba èèyàn dúró lọ́dún 2016. Èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n torí rẹ̀ gbà wọ́n. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá: "Lọ́ọ́yà, ìyàwó mi ò ní pépà. Ṣé iṣẹ́ sọ́jà tí mò ń ṣe ò tó láti gbà á sílẹ̀?" Kò tó. Ìgbéyàwó nìkan náà ò tó. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tí kò ní pépà ni pé: báwo lẹ ṣe wọ Amẹ́ríkà?

Bó bá jẹ́ pé ẹ wọ bàálù wá, ẹ fi físà hàn, òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú sì gbà yín wọlé, ẹnu ọ̀nà lẹ gbà wọlé nìyẹn. Bí físà náà bá tilẹ̀ ti parí láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, òfin fàyè gba ẹni tí ọmọ ìlú Amẹ́ríkà fẹ́ láti gba green card láìjáde nílùú. Fọ́ọ̀mù I-130, tí ọmọ ìlú fi ń béèrè fún ẹni tó fẹ́, àti I-485, tí ẹni náà fi ń béèrè green card, lẹ máa kọ, bíi ti aráàlú yòókù. Ẹ wá òǹtẹ̀ inú páspọ̀tù àtijọ́ yẹn jáde. Mo ti jókòó ti tọkọtaya níwájú òṣìṣẹ́ tó ń ṣí páspọ̀tù lójúewé kọ̀ọ̀kan, tí kò tíì fọwọ́ kan fọ́tò ìgbéyàwó wọn, òǹtẹ̀ ló ń wá. Bí páspọ̀tù bá ti sọnù, ẹ wo I-94, àkọsílẹ̀ ìwọlé yín, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Àwọn kan wà tí ọ̀nà yìí ò ṣí fún bí wọ́n tiẹ̀ wọlé pẹ̀lú físà: òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó fi físà iṣẹ́ wọlé, àti ẹni tó fi físà àfẹ́sọ́nà wá bá ẹnì kan, tó wá lọ fẹ́ ẹlòmíràn.

Ọmọ ìlú ni mo wí o. Sọ́jà tó jẹ́ green card ló wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ ò lè fi ọ̀nà yìí gba ẹni tí físà rẹ̀ ti parí. Kó tètè di ọmọ ìlú ló kù. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni Amẹ́ríkà ti ka àsìkò yìí sí àsìkò ogun, nítorí náà sọ́jà tó ń sìn dáadáa kò ní láti dúró fún ọdún márùn-ún, kò sì ní sanwó fọ́ọ̀mù N-400, tí wọ́n fi ń béèrè láti di ọmọ ìlú. Kí ọ̀gá tó láṣẹ bá a fọwọ́ sí N-426, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ológun rẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó gba ẹnubodè Mẹ́síkò wọlé láìfojú kan òṣìṣẹ́ kankan ni ètò tí wọ́n ń pè ní Parole in Place wà fún. Ọdún 2013 ni ìjọba kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì sì tún tẹnu mọ́ pàtàkì rẹ̀ nínú òfin ètò ààbò ti ọdún ìṣúná 2020. Ọkọ tàbí aya, òbí àti ọmọ sọ́jà ló lè béèrè fún un. Ẹbí sọ́jà tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà lè béèrè, bí wọn ò bá fi ìtìjú lé sọ́jà náà dànù. Fọ́ọ̀mù I-131 ni. Bí wọ́n bá gbà, ọdún kan ni wọ́n máa ń fún èèyàn, ó sì dà bíi pé ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kó lè kọ I-485 láìkúrò níbi tó wà. Ojúrere ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Wọ́n lè kọ̀. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ètò tí ìjọba Biden bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2024, tí ilé ẹjọ́ ní Texas fagi lé lóṣù kọkànlá. Ọ̀tọ̀ ni ti ológun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde nílùú kí ẹ tó rí lọ́ọ́yà. Èyí ló ń dùn mí jù. Ẹnì kan á ní kí aya lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà tó wà ní Walter Carrington l'Ékòó, pé wéré báyìí ló máa padà. Òfin ọdún 1996 sọ pé ẹni tó ti gbé láìsí àṣẹ ju ọjọ́ 180 lọ, tó wá jáde, kò ní wọlé fún ọdún 3. Bó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 10 ni. Ìgbà tó bá jáde gan-an ni ìyà náà tó bẹ̀rẹ̀. Ìdáríjì wà, fọ́ọ̀mù I-601A ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gbà á kí ẹ tó gbéra, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìyà ńlá máa jẹ ọkọ tàbí aya yín, tàbí òbí yín, tó jẹ́ ọmọ ìlú tàbí onígreen card.

Àwọn nǹkan kan wà tí aṣọ ológun ò lè bò. Ẹni tí wọ́n dípóòtì, tó tún yọ́ wọlé padà. Ẹni tí adájọ́ ti dá ẹjọ́ ìlélọ rẹ̀ nígbà tí kò yọjú sí kóòtù. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ẹjọ́ náà wà lọ́rùn àwọn. Ẹni tó fi àmì sí àyè "ọmọ ìlú Amẹ́ríkà" lórí fọ́ọ̀mù I-9 nígbà tó ń wáṣẹ́: ìyẹn lè ti ilẹ̀kùn pa títí ayé. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún lọ́ọ́yà yín, bó ti wù kó tini lójú tó. Ìgbéyàwó àdàmọ̀dì sì rèé, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5, tàbí owó ìtanràn tó lè tó $250,000, tàbí méjèèjì ló wà nídìí ẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì mú kò ní rí pépà gbà lórí ìgbéyàwó mìíràn láéláé.

Sọ́jà lè wà ní Kòríà kí aya wà ní Killeen ní Texas, kí wọ́n má ní bíìlì iná kankan tó jọ jẹ́ tiwọn. Kò burú. Ẹ mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá, èyí tó fi hàn pé owó ilé tó ń gbà, BAH, jẹ́ ti ẹni tó ní ìdílé. Ẹ mú ìforúkọsílẹ̀ DEERS wá, ìyẹn àkọsílẹ̀ ẹbí ológun, àti ìwé ìbánigbófò SGLI tí orúkọ aya wà nínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ iyì àwọn ìwé yìí. Ní ti owó tó ń wọlé, sọ́jà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tó ń gba aya rẹ̀ kò nílò ju ìwọ̀n ìlà òṣì tí ìjọba ń gbé jáde gan-an. Ìdá 125 nínú 100 ìlà yẹn ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ aráàlú.

Sọ́jà tó ní security clearance, ìyẹn àṣẹ láti rí àṣírí ìjọba, gbọ́dọ̀ fi tó ọ́fíìsì ààbò ẹ̀ka rẹ̀ létí pé òun fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Kí ẹ sì tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun máa ń kọ fọ́ọ̀mù, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ òfin inú bárékè, ọ̀dọ̀ àwọn JAG, lọ́ọ́yà ológun. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mú páspọ̀tù, ìwé ìgbéyàwó àti gbogbo lẹ́tà tí ìjọba ti kọ sí yín dání, kí ẹ sì béèrè orúkọ lọ́ọ́yà ìwọ̀lú tó ti ṣe ti ẹbí ológun rí.