Láti ìdí igi kan dé odindi ẹgàn: ìtàn bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya igbó sọ́tọ̀ fún òwìwí alámì tótòtó ní Amẹ́ríkà

Ní ìgbà ooru ọdún 1968, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eric Forsman gba iṣẹ́ onígbà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́ nínú Igbó Ìjọba Willamette. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, níbi tó wà ní àgọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́, ó gbọ́ igbe kan láti inú igbó tó dà bí ìgbà tí ajá kékeré ń gbó. Lọ́dọ̀ tiwa, bí òwìwí bá ké lóru, inú ọ̀pọ̀ onílé kì í dùn sí i. Forsman ní tirẹ̀ sín igbe náà jẹ, kò sì pẹ́ tí ẹyẹ náà fi fò wá sí tòsí rẹ̀. Òwìwí alámì tótòtó ni, ẹyẹ apẹranjẹ tí àwọn onímọ̀ pàápàá kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ní Oregon nígbà náà. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nìyẹn.

Forsman àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Richard Reynolds, bẹ̀rẹ̀ sí í rin igbó lóru, wọ́n ń ké bí òwìwí, wọ́n ń dúró de èsì. Ibi tí èsì ti ń wá jù lọ ni ẹgàn, igbó àwọn igi ńláńlá tí ẹnikẹ́ni kò gé rí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Òwìwí yìí kì í kọ́ ìtẹ́ fúnra rẹ̀. Inú ihò igi ló ń yé ẹyin sí, tàbí orí igi tí ìjì ti ṣẹ́ tí ibi tó ṣẹ́ náà sì ti jẹrà di kòtò, tàbí orí àfòmọ́ tó dì pọ̀ lórí ẹ̀ka, tàbí nínú ìtẹ́ àtijọ́ tí ẹyẹ mìíràn fi sílẹ̀. Igi kì í sì í ní irú ihò bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ orí kékeré. Nínú igbó ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ó sábà máa ń tó 200 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abo ló ń sàba fún nǹkan bí oṣù kan, akọ ló ń lọ ṣọdẹ wá, ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń fò láti igi dé igi lóru sì wà lára ohun tó ń pa jù lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn náà ń jẹ olú abẹ́ ilẹ̀ tó ń hù níbi tí igi ti wó tó sì ti ń jẹrà. Nítorí náà, òkú igi tí onígẹdú kà sí ìdọ̀tí wà lára ohun tí ẹyẹ náà fi ń bọ́ ọmọ.

Bí wọ́n ṣe ń rí ìtẹ́ rẹ̀ dùn mọ́ mi láti sọ. Olùṣèwádìí á pe ẹyẹ náà jáde, á gbé èlírí ààyè sórí ẹ̀ka níwájú rẹ̀, ẹyẹ náà kò sì ní bẹ̀rù ènìyàn, á já wálẹ̀ á gbé e. Bí kò bá ní ìdílé, á jẹ ẹ́ níbẹ̀ tàbí kó fi í pamọ́. Bí ó bá ní abo tó ń sàba tàbí ọmọ nínú ìtẹ́, á gbé ẹran náà fò lọ, ọ̀gbẹ́ni tó mú èlírí wá á sì máa sá tẹ̀ lé e láàárín igi tó wó àti ẹrẹ̀, títí á fi rí igi tó wọ̀.

Nígbà tí wọ́n ti rí ìtẹ́, ìbéèrè tó kàn ni pé báwo ni igbó tí a óò fi sílẹ̀ yóò ṣe tó, torí pé ọ̀pọ̀ nínú ibi tí wọ́n rí ẹyẹ sí ni wọ́n ti ń gé tàbí tí wọ́n fẹ́ gé. Ní 1973, ìgbìmọ̀ kan ní Oregon dábàá pé kí a fi 300 éékà ẹgàn sílẹ̀ yí ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan ká. Àwọn àjọ tó ni igbó kò fẹ́ gbọ́, nítorí pé igi 300 éékà lówó lórí. Àṣìṣe tó wà nínú iye yẹn kò sì ju pé ìtẹ́ ni wọ́n kà sí ilé ẹyẹ náà. Nígbà tí Forsman so rédíò kékeré mọ́ ẹ̀yìn àwọn òwìwí kan, ó hàn pé akọ tó ń wá oúnjẹ fún ìdílé kan ṣoṣo ń rìn jìnnà gan-an ju bí a ti rò lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, iye náà ti di 1,000 éékà fún tọkọtaya kọ̀ọ̀kan.

Èyí náà kò tó. Bí igbó bá wà ní ẹ̀rún-ẹ̀rún, tọkọtaya kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, tí ibi tí a ti gé wà láàárín wọn, ọmọ tó bá fi òbí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà ooru lè má rí ibi forí lé kí ebi tàbí ẹyẹ ńlá mìíràn tó pa á. Èrò yìí ló mú kí ìgbìmọ̀ tí Jack Ward Thomas, onímọ̀ nípa ẹranko ìgbẹ́, darí dá ọ̀nà tuntun ní 1990: kí a má ṣe ka tọkọtaya ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́, kí a ya igbó ńlá sọ́tọ̀ tó lè gba ó kéré tán 20 tọkọtaya níbi tí àyè bá wà, kí ọ̀kan má sì jìnnà sí èkejì ju máìlì 12 lọ. Fún ilẹ̀ tó wà láàárín wọn, wọ́n ní kí ìdajì igbó ibẹ̀ ní igi tí ìbú rẹ̀ tó íǹṣì 11, kí ewé orí igi sì bo ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ojú ọ̀run, kí ọmọ tó ń ṣí kiri lè rí ibi bà. Lójú tèmi, ibí yìí ni ìtọ́jú igbó fún ẹyẹ náà ti ṣẹ̀ ní tòótọ́.

Ilé-ẹjọ́ ló sọ ọ́ di dandan. Àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́ ti kọ̀ ní 1987 láti fi òwìwí náà sábẹ́ òfin ẹ̀dá tó wà nínú ewu, adájọ́ Thomas Zilly ní ìpinnu náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní 1988, nígbà tó sì di oṣù kẹfà 1990, wọ́n fi ẹyẹ náà sábẹ́ òfin. Ní 1991, adájọ́ William Dwyer dá títa gẹdú dúró nínú igbó ìjọba tí òwìwí ń gbé, títí ìjọba yóò fi ní ètò tó bá òfin mu. Inú bí àwọn agégẹdú gidigidi. Ìlú tó jẹ́ pé ilé ìlagi kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń jẹ nínú rẹ̀ kò lè rí ẹyẹ kan bí ìbùkún, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ní oṣù kẹrin 1993, Ààrẹ Clinton fúnra rẹ̀ pe ìpàdé sí Portland lórí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó sì di oṣù kẹrin 1994, wọ́n fọwọ́ sí ètò tó kan 24.4 mílíọ̀nù éékà ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Washington, Oregon àti California. Apá ńlá nínú rẹ̀ di ibi ìpamọ́ ẹgàn. Níbi tí wọ́n ti gba gígé igi láyè, wọ́n ní kí a fi 100 éékà sílẹ̀ yí ibi tí a ti mọ̀ pé òwìwí ń gbé ká. Nínú ibi ìpamọ́ pàápàá, a lè dín igi tí kò tíì tó 80 ọdún kù, kí àwọn tó ṣẹ́ kù lè rí oòrùn, kí wọ́n sì yára tóbi bí igi àtijọ́.

Ètò náà dín gígé ẹgàn kù púpọ̀, síbẹ̀ òwìwí ń dín kù sí i. Ìbátan rẹ̀ kan ló gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́: òwìwí onílà, ẹyẹ ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà tó ti ṣí wá sí etí òkun ìwọ̀-oòrùn, tó tóbi jù ú lọ, tí kì í sì í ṣa oúnjẹ. Ní 2024, ìjọba fọwọ́ sí ètò pípa òwìwí onílà tó lè dé nǹkan bí 450,000 láàárín 30 ọdún, ohun tó ṣòro fún ọ̀pọ̀ olùfẹ́ ẹyẹ láti gbà.

Iṣẹ́ wíwá ìtẹ́ náà ti yí padà. Ní báyìí, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni àwọn olùṣèwádìí ń so mọ́ igi, kọ̀ǹpútà ló sì ń wá ohùn ẹyẹ náà nínú ọ̀pọ̀ wákàtí tí ẹ̀rọ náà gbà sílẹ̀. Níbi tí òwìwí onílà bá ti pọ̀, òwìwí alámì tótòtó kì í sábà dáhùn mọ́, bí ènìyàn tilẹ̀ sín igbe rẹ̀ jẹ bí Forsman ti ṣe ní 1968.