Kí ló dé tí àlejò fi ń gba inú èéfín kọjá kó tó wọ igbó Mossman?

Ní àríwá ìpínlẹ̀ Queensland lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, nǹkan bíi kìlómítà 75 sí ìlú Cairns, odò kan ń ṣàn gba àárín àwọn òkúta ràbàtà. Mossman Gorge ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ara igbó Daintree ni igbó kìjikìji tó yí i ká, ọ̀kan lára àwọn igbó tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 1988. Àwọn Kuku Yalanji, ẹ̀yà kan nínú àwọn Aborígínì, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà, ló ni ilẹ̀ náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn náà ló sì ń mú àlejò rìn ín. Àwọn nǹkan kan wà nínú ìrìn yìí tó máa ń rú èèyàn lójú.

Kí ni èéfín náà wà fún?

Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà, amọ̀nà yóò kó ewé tútù lé iná. Èéfín funfun yóò rú, gbogbo yín yóò sì yí i ká kó lè fẹ́ sí yín lára. Ẹlòmíì lè rò pé eré ni wọ́n fi ń dá arìnrìnàjò afẹ́ lára yá. Rárá o. Wọ́n ní èéfín náà ń wẹ àlejò mọ́, ó ń lé ẹ̀mí burúkú dànù, ó sì ń jẹ́ kí àwọn alálẹ̀ mọ̀ pé ẹni yìí kò já wọlé. Àgò ni wọ́n ń fi kí ilẹ̀. Àwa ń fi ẹnu kágò, àwọn ń fi èéfín kún un.

Ṣé àwọn ló ṣì ni ilẹ̀ náà, àbí ìjọba?

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1770, ọkọ̀ James Cook, atukọ̀ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, forí sọ òkúta abẹ́ omi ní etíkun yẹn. Ó sọ orí ilẹ̀ tó yọ sínú òkun níbẹ̀ ní Cape Tribulation, bí ẹni ń sọ pé Orí Ilẹ̀ Ìpọ́njú. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ti lórúkọ tẹ́lẹ̀: Kulki ni ọmọ onílẹ̀ ń pè é. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ pẹ́ gan-an tí òfin òyìnbó fi ka ilẹ̀ Ọsirélíà sí ilẹ̀ tí kò ní olóhun, bí ẹni pé àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ kì í ṣe èèyàn. Ní 1992 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ wọ́gi lé e, nínú ẹjọ́ tí Eddie Mabo, ọmọ erékùṣù Mer, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè. Mabo ti kú ní oṣù díẹ̀ ṣáájú ìdájọ́ náà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìjọba Queensland dá ọgbà igbó Daintree àti mẹ́ta mìíràn padà fún àwọn Kuku Yalanji apá ìlà-oòrùn. Gbogbo rẹ̀ lé ní 160,000 hẹ́kítà. Àwọn àti ìjọba ló jọ ń bójú tó o. Lójú tèmi, èyí ló yẹ kí àlejò kọ́kọ́ mọ̀, ṣáájú orúkọ igi kankan: onílé ló ń gbà á lálejò.

Kí ni wọ́n ń rí nínú igbó?

Amọ̀nà lè bẹ̀rẹ̀ mú òkúta pupa kan, kó bu omi lé e, kó máa lọ̀ ọ́ lórí òkúta mìíràn títí yóò fi di ọ̀dà tó ki. Yóò ti ìka bọ̀ ọ́, yóò sì fa ìlà sí apá ara rẹ̀. Yóò já ewé kan, yóò fi omi ra á láàárín àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó rí i tó ń hó bí ọṣẹ.

Yóò tún kìlọ̀ nípa gympie-gympie, igi kékeré kan tí ewé rẹ̀ gbòòrò, tí irun wínníwínní sì bò ó. Èsìsì tiwa kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ìrora rẹ̀ lè máa padà wá fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Èyí tó wú mi lórí jù ni kóró igi black bean. Májèlé ni. Àwọn ìyá inú igbó yìí máa ń sè é, wọ́n á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o sínú àpò híhun, wọ́n á sì rì í sínú odò tó ń ṣàn fún ọjọ́ mélòó kan kí oró rẹ̀ lè bómi lọ. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi láti fi ṣe fùfú yóò mọ irú làákàyè tó wà níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní Dreamtime? Ṣé àlá ni?

Àlá kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà àlá ni ìtumọ̀ Dreamtime lédè Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó ló túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, láti inú èdè àwọn Arrernte tó wà láàárín gbùngbùn Ọsirélíà. Ní Mossman, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ni Ngadiku, ìtàn ìgbà láéláé. Ìwáṣẹ̀ tiwa ló sún mọ́ ọn jù.

Ṣé Aborígínì láti ibòmíràn lè ṣe amọ̀nà níbẹ̀?

Ó lè mọ igi, ṣùgbọ́n kò lẹ́nu láti sọ ìtàn ilẹ̀ ibẹ̀. Èdè tó lé ní 250 ni wọ́n ń sọ ní Ọsirélíà kí òyìnbó tó dé, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ilẹ̀ tirẹ̀.

Kí ló dé tí amọ̀nà kì í dáhùn gbogbo ìbéèrè?

Àwọn ìtàn kan wà fún gbogbo ayé. Tí ẹ bá wo òkè Manjal Dimbi, ẹ ó rí òkúta kan tó dúró bí èèyàn. Wọ́n ní Kubirri ni, ẹni tó gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ Wurrumbu, ẹ̀mí burúkú, tó sì ń dí i lọ́nà títí dòní. Èyí, wọ́n á sọ ọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ti obìnrin nìkan wà, ti ọkùnrin nìkan wà, èyí tí wọn kì í sọ fún àlejò sì wà. Ọmọ Yorùbá tó mọ ohun tí awo jẹ́ kò nílò àlàyé púpọ̀. Bí amọ̀nà bá rẹ́rìn-ín, tó sì yí ọ̀rọ̀ sí orí igi tó wà níwájú, ẹ bá a wo igi náà.